Ibùdó Tí Kò Lódò: Ìtàn Omi àti Èémí ní Òfurufú

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìtẹ̀dó nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ní í kọ́kọ́ dé, odò ní í sì í dá a dúró. Bí omi ibẹ̀ bá mọ́, tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ọdẹ á pàgọ́, ẹbí á wá bá a, àgọ́ á di abà, abà á dìlú. Kò sí ẹni tí í bèèrè afẹ́fẹ́ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí kò síbi tí ẹsẹ̀ ọdẹ lè tẹ̀ tí kò ní bá èémí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó kan wà tí ènìyàn ti ń gbé láìdáwọ́dúró láti oṣù kọkànlá ọdún 2000, nǹkan bí kìlómítà 400 lókè orí wa, tí kò lódò, tí kò ní kànga, tí kò sì ní afẹ́fẹ́ àfi èyí tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Àwọn tó ń pìtàn ibùdó náà sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn rọ́kẹ́ẹ̀tì àti akọni. Lójú tèmi, inú ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń dà nù ni gbòǹgbò ìtàn náà wà. Ìmọ̀ bí a ṣe lè sọ èémí àlòkù di ọ̀tun, àti bí a ṣe lè sọ omi ẹlẹ́gbin di mímu, ti pẹ́ nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Ohun tí kò sí ni ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Jíjìn ọ̀nà àti wíwúwo ẹrù ló fipá mú wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nǹkan gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan.

Abẹ́ omi ni ìran àwọn tó ń gbé inú ohun tí a dí pa ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1620, Cornelis Drebbel, ará Holland tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọba James ní London, kó àwọn atukọ̀ sínú ọkọ̀ kan, wọ́n sì wà á gba abẹ́ odò Thames. Báwo ni wọ́n ṣe ń mí? Ẹnu kò kò lórí èyí. Drebbel fúnra rẹ̀ kò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀ tó tú àṣírí náà. Ohun tí Robert Boyle kọ ní 1660, ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ni àwọn òpìtàn gbára lé jù, Boyle sì jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ àna Drebbel ni òun ti gbọ́ ọ: pé omi oògùn kan wà nínú ìgò tí ọ̀gá náà máa ń ṣí bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá ti bàjẹ́. Àwọn kan tó dé lẹ́yìn sọ pé kò sí oògùn kankan, pé ọ̀pá tí wọ́n nà sókè omi ni wọ́n fi ń mí. Àwọn mìíràn ní iyọ̀ tí wọ́n fi ń po ẹ̀tù ìbọn ni Drebbel ń yan lórí iná, pé ọ́síjìn tó ń jáde lára rẹ̀ ni wọ́n fà símú. Ti ìkẹyìn yìí bá ìmọ̀ kẹ́mísìrì mu, ṣùgbọ́n pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó dá wa lójú bẹ̀rẹ̀ ní 1771, nígbà tí Joseph Priestley ti ẹ̀ka ewé mint bọ inú ìgò tí àbẹ́là ti kú sí, tí àbẹ́là mìíràn sì tún jó nínú ìgò náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ní 1779, Jan Ingenhousz fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe iṣẹ́ náà, pé nínú òkùnkùn ewé pàápàá ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Paul Sabatier, ará Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, rí i ní tirẹ̀ pé bí a bá da háídírójìn mọ́ carbon dioxide, ìyẹn èémí àlòkù tí a ń mí síta, lórí irin nickel gbígbóná, omi á jáde. Ọgbọ́n ti wà nílẹ̀. Bí igbá omi tó wà nílẹ̀ ló rí, kò tíì sẹ́ni tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Nígbà tí ìrìnàjò sókè wá bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè méjì ló gbéra, oríṣi afẹ́fẹ́ méjì ni wọ́n sì gbé lọ. Inú ọkọ̀ Yuri Gagarin, ará Rọ́ṣíà, lóṣù kẹrin 1961, ọ́síjìn àti náítírójìn ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń mí in nílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọ́síjìn nìkan, wọ́n sì dín agbára rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára afẹ́fẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló pe èyí ní ìyàtọ̀ ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àmọ́ àdó olóró ni okùnfà rẹ̀. Àdó olóró ti Rọ́ṣíà wúwo ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí náà rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe láti gbé e lágbára jù, nígbà tó sì di ti ènìyàn, ó lè gbé ọkọ̀ Vostok tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Mercury ti Amẹ́ríkà kò tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ẹni tí ẹrù há mọ́ kò ráyè gbé náítírójìn, àti páìpù rẹ̀, àti ògiri nípọn tó máa gbà á. Bí ohun ìjà tí wọn kò jù ṣe yan afẹ́fẹ́ fún wọn nìyẹn.

Ọ́síjìn nìkan kò dára níbi tí iná bá wà. Lóṣù kẹta 1961, Valentin Bondarenko, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú Gagarin, jóná nínú yàrá ìdánwò kan ní Moscow tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀: òwú tó ti rẹ sínú ọtí líle ló bọ́ lé orí ohun ìdáná. Ó kú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìjọba fi ikú rẹ̀ pamọ́ títí di 1986, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di ilé àhesọ, tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ti kú sókè láìsí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Kò sí ẹ̀rí fún ìyẹn. Lóṣù kìn-ín-ní 1967, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Grissom, White àti Chaffee, kú nínú ọkọ̀ Apollo 1 lórí ilẹ̀, nínú ọ́síjìn nìkan, nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ náà wò. Láti ìgbà tí àṣírí Bondarenko ti tú ni àwọn kan ti ń sọ pé ká ní Rọ́ṣíà sọ̀rọ̀ ni, àwọn mẹ́ta náà ì bá má kú. Ọ̀rọ̀ náà wọni lára, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iná ti jó nínú àwọn yàrá ìdánwò ti Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣáájú Apollo 1, ó sì wà nínú ìwé wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó léwu. Wọ́n rò pé àǹfààní ìfúyẹ́ rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ ni. Lẹ́yìn òkú mẹ́ta ni wọ́n tó fi náítírójìn kún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ nígbà tó bá ṣì wà nílẹ̀.

Títí dé àkókò yìí, gbogbo wọn ló dà bí ẹni tó di oúnjẹ rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n gbé ni wọ́n ń lò, ohun tí wọ́n lò ni wọ́n ń dà nù. Àgbá tí èròjà lithium wà nínú rẹ̀ ló ń gba èémí àlòkù nínú Apollo. Bó bá ti yó, ó parí nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 1970, tí àgbá ọ́síjìn Apollo 13 bú gbàù, àwọn mẹ́ta sá sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ènìyàn méjì, wọ́n sì rí i pé àgbá asẹ́ ọkọ̀ ńlá ní igun mẹ́rin, ihò ti ọkọ̀ kékeré sì rí roboto. Téèpù, àpò ọ̀rá, páálí ẹ̀yìn ìwé àti páìpù aṣọ ìgòkè ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ìyìn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ìyìn máa ń bo ìbéèrè tó yẹ kí a bi: kí ló dé tí ọkọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń lọ kò fi lè lo asẹ́ kan náà?

Àwọn ará Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ ní ìdí láti ronú bí olùgbé. Òṣùpá ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1969, wọ́n wá yíjú sí pípẹ́ lókè gẹ́gẹ́ bí ohun ìyangàn tiwọn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Lóṣù kẹfà 1971, Dobrovolsky, Volkov àti Patsayev lo ọjọ́ tó lé ní ogún nínú Salyut 1, ibùdó àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé ni ihò afẹ́fẹ́ kan ṣí nínú ọkọ̀ wọn láìtíì wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, wọ́n sì kú. Wọn kò wọ aṣọ ìdáàbòbò, nítorí ọkọ̀ náà kò gba ènìyàn mẹ́ta tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dín èrò kù sí méjì, tí wọ́n sì sọ aṣọ di dandan. Ní 1975, nínú Salyut 4, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba òógùn àti oruku èémí tó ń dì sára ibi títutù nínú ibùdó, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì mu ún. Nǹkan kékeré ló jọ, ṣùgbọ́n òun ni mo pè ní ọjọ́ ìtẹ̀dó gan-an. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Skylab ti Amẹ́ríkà, tó gba èrò láàárín 1973 àti 1974: ilé ńlá, ó tiẹ̀ ní ibi ìwẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni wọ́n rù gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà mẹ́ta ni èrò gbé ibẹ̀, ìkẹyìn pẹ́ tó ọjọ́ 84, ó sì parí. Skylab gbòòrò ju Salyut lọ. Àgọ́ ni síbẹ̀, kì í ṣe abà.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí kò fẹ́ràn ẹ̀rọ rárá, tó ní kí a gbé oko lọ sókè. Èrò náà ti wà lọ́kàn Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ ilé-ìwé ní Kaluga, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan tó dé òfurufú. Ní Krasnoyarsk ní Siberia, àwọn onímọ̀ kọ́ ilé tí a dí pa tí wọ́n pè ní BIOS-3, wọ́n parí rẹ̀ ní 1972, wọ́n sì fi ọbẹ̀dò àti àlìkámà kúkúrú dá èémí padà fún ènìyàn mẹ́ta fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọbẹ̀dò mẹ́tírì mẹ́jọ níbùú lóròó tí iná tàn sí tó láti mí fún ènìyàn kan. Ó dára, àmọ́ ikùn kò gba ọbẹ̀dò náà bí oúnjẹ, ẹran gbígbẹ ń ti ìta wọlé, iná tí wọ́n ń tàn sí oko sì ń jẹ iná mànàmáná bí ilé iṣẹ́.

Àríyànjiyàn tí àwọn olóko sábà máa ń gbé wá lágbára: ayé fúnra rẹ̀ ń ṣe é láìsí pọ́ǹpù, kí ló dé tí a kò fi ní ṣe bí ayé ti ń ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Arizona. Lóṣù kẹsàn-án 1991, ènìyàn mẹ́jọ wọ Biosphere 2, ilé onígíláàsì tó gba ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà kan, tó ní igbó, oko, àti adágún tó dúró fún òkun, wọ́n ní àwọn kò ní jáde fún ọdún méjì. Ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, láti ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 14, bí ẹni tó gun òkè gíga tí kò lè sọ̀ mọ́. Lóṣù kìn-ín-ní 1993, wọ́n fa ọ́síjìn wọlé láti ìta. Lákòókò náà, oníkálukú ló ní ẹni tó ń dá lẹ́bi. Ìwádìí tó jáde ní 1994 ló tú u: ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n kó wọlé kí irúgbìn lè ṣe dáadáa kún fún kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ọ́síjìn, carbon dioxide tí kòkòrò náà ń mí jáde tó yẹ kí ewé gbà sọ di ọ́síjìn padà sì ń wọ ara kọnkéré ilé náà lọ. Ògiri ló jẹ èémí wọn. Ayé wa kì í kú sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ó tóbi. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa pọ̀ débi pé àṣìṣe ọdún kan kò hàn. Nínú ilé tó há, àṣìṣe oṣù mẹ́ta ti tó pani. Mi ò sọ pé oko kò ní í wúlò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Beijing tún ṣe irú rẹ̀ ní Yuegong-1, ọjọ́ 370 ní 2017 sí 2018, afẹ́fẹ́ wọn sì dúró ire. Ohun tí mò ń sọ ni pé oko náà nílò ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Mir, ibùdó tí Rọ́ṣíà gbé sókè ní 1986, ni ìlú àwọn alátùnṣe. Ẹ̀rọ Elektron ń fi iná mànàmáná pín omi sí méjì láti yọ ọ́síjìn, Vozdukh ń gba carbon dioxide, ó sì ń tú u síta láìlo àgbá asẹ́ àlòsọnù. Omi tí wọ́n yọ láti inú ìtọ̀ ń lọ sínú Elektron. Wọn kì í mu ún, wọ́n ń mí in. Nínú ilé yìí ni Valeri Polyakov ti lo ọjọ́ 437 tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà wà fún, nígbàkúùgbà tí èrò tuntun bá sì bá ti àtijọ́, tí wọ́n di mẹ́fà, wọ́n ń sun ohun kan bí àbẹ́là tó ń tú ọ́síjìn. Lóṣù kejì 1997, ọ̀kan nínú àwọn àbẹ́là náà yarí, iná jáde, èéfín kún ilé, iná sì dí ọ̀nà ọ̀kan nínú ọkọ̀ ìsásálà méjì. Báwo ni iná náà ti pẹ́ tó? Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Jerry Linenger, ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìyàtọ̀ náà ju àṣìṣe aago lọ. Ẹni tó fẹ́ kí àjọṣe orílẹ̀-èdè méjì máa lọ ní ìdí láti kúrú àkókò. Ẹni tí èéfín há mọ́ kò ní aago tó yára. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká tẹ̀lé ti Linenger pàápàá, ibùdó náà kò kú. Wọ́n nu ògiri, wọ́n wọ ìbòmú, wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Ọdún mẹ́rin mìíràn ni Mir tún lò.

Àṣà àtúnṣe yẹn ni ibùdó àgbáyé tó wà lókè báyìí jogún, ibi tí ìtàn rẹ̀ sì ti dùn jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Lóṣù kọkànlá 2008, ọkọ̀ Endeavour gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ìtọ̀ di omi mímu dé apá ti Amẹ́ríkà. Nílé, a lè gbé ìkòkò kaná kí oruku gòkè kí ẹ̀gbin sì rọ̀ sísàlẹ̀. Lókè, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, nítorí náà inú ìlù kan tó ń pòòyì ni ìtọ̀ ti ń di oruku. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ dáadáa, ó sì yege. Lóṣù karùn-ún 2009, wọ́n mu ife àkọ́kọ́ lókè. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi dí. Ohun tó dí i le bí òkúta, ìwádìí sì fi hàn pé ìbátan P.O.P. tí a ń fi ṣe àjà ilé ni. Ta ló da P.O.P. sínú ẹ̀rọ? Egungun àwọn olùgbé ni. Ẹni tó ń léfòó kò fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀, egungun rẹ̀ á rò pé iṣẹ́ ti parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kálísíọ̀mù dà sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ á sì gbé e jáde. Nínú ìtọ̀ náà ni wọ́n ti da ásíìdì sulphuric kí ó má baà rà. Kálísíọ̀mù òun ásíìdì pàdé, wọ́n di òkúta. Ìtọ̀ tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò nílẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń rìn lórí ẹsẹ̀ wọn, kò sì ní kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti gba ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún omi inú ìtọ̀ wá ń gba bíi 70 sí 75, kí ó má baà tún dí, títí wọ́n fi fi ásíìdì mìíràn, phosphoric, rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò.

Bí ẹni bá bi mí léèrè ohun tó túmọ̀ sí láti mú ẹ̀rọ bá ibùgbé mu, àpẹẹrẹ yìí ni màá tọ́ka sí. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù, ibi tí wọ́n gbé e lọ ló sọ ara ènìyàn di nǹkan mìíràn. Ní 2010 pẹ̀lú, èròjà àjèjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú omi tí wọ́n ti sẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ara sílíkónì tó wà nínú ìpara àti àwọn ohun èlò ilé ló ti wá. Nínú ilé tó há bẹ́ẹ̀, ohun tí o bá fi pa abíyá lónìí lè dé inú ife omi rẹ lọ́la.

Ní 2021, ẹ̀rọ mìíràn dé tó ń fún omi tó kù nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìtọ̀ jáde, ní 2023 sì ni NASA, àjọ òfurufú ti Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti ń gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi padà. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, Mars ló kù. Iye náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ti omi nìkan ni. Ti èémí kò tíì dé ibẹ̀. Ènìyàn kan ń lo ọ́síjìn tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kìlógíráàmù lọ lójúmọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ Sabatier sí ibùdó náà ní 2010 kí ó máa sọ carbon dioxide di omi, ṣùgbọ́n gáàsì methane ń jáde pẹ̀lú omi náà, wọ́n ń tú u dà síta, háídírójìn sì ń bá a lọ. Nítorí náà ọ́síjìn tí wọ́n lè gbà padà lọ́nà yìí kò ju nǹkan bí ìdajì lọ, ẹ̀rọ náà sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2017. Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n jẹ ewé letusi tí wọ́n gbìn lókè ní 2015, a sì yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù ló ń bọ́ wọn.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ń sọ ni ti owó: pé bí ọkọ̀ ẹrù bá ti dínwó tó, a kò nílò gbogbo ẹ̀rọ ìsọdọ̀tun yìí, kí a ṣáà máa gbé omi gòkè. Ní ti ibùdó tó súnmọ́ ayé, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ lè dé ibẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, bí pọ́ǹpù bá sì bàjẹ́, páàtì ń bọ̀. Àní, àìjìnnà yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí a mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe gbó tó, nítorí ìdá 98 tí a ń yìn yẹn ní páàtì tó ń gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà Mars gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ní àlọ nìkan. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ìdá 90 padà, tí ọmọ inú ọkọ̀ lè tú palẹ̀ kí ó sì tún un tò, sàn ju èyí tó ń gba 98 tó ń dúró de páàtì. Afẹ́fẹ́ Mars fúnra rẹ̀ lè ṣèrànwọ́. Láàárín 2021 àti 2023, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ MOXIE yọ ọ́síjìn gíráàmù 122 lára carbon dioxide tó kún ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá kò tó èémí ènìyàn kan fún wákàtí mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun ni ọ́síjìn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe lórí ilẹ̀ mìíràn yàtọ̀ sí tiwa.

Ọwọ́ kò tíì kan ìgbẹ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń dà nù, bẹ́ẹ̀ omi wà nínú rẹ̀, ajílẹ̀ sì ni fún oko tí wọ́n ń lá àlá rẹ̀. Títí di báyìí, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń kó o sínú agolo, wọ́n ń kó agolo sínú ọkọ̀ ẹrù tó ti já ẹrù rẹ̀ tán. Wọ́n á tú ọkọ̀ náà sílẹ̀, á máa já bọ̀, afẹ́fẹ́ ayé á sì jó o tòun ti ẹrù rẹ̀ lójú sánmà.